Ta Ló Tẹ Òrùlé Náà Wò?

Ẹ̀rù ti ń bà mí kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn ná. Kì í ṣe pé mo gbọ́n. Ẹ̀rù máa ń bà mí ni. Bí ilẹ̀kùn bá gbá, àyà mi á já. Bí fóònù bá dún lásìkò tí kì í dún, mo ti ń wá ìbòrí mi kiri. Mabrúkà Oníjìnnìjìnnì ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn ní àdúgbò wa, àwọn mìíràn sì ń pè mí bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Èmi ni mo ń gbálẹ̀ ilé ìkàwé. Ilé ìkàwé náà wà ní ìlú tuntun, níbi tí gbogbo wa kó lọ nígbà tí ìjọba kọ́ ilé oníbúlọ́ọ̀kù fún wa, tí a fi Ghadámẹ́sì àtijọ́, ìlú amọ̀ wa nínú aṣálẹ̀, sílẹ̀. Ẹni tó ń wá kàwé níbẹ̀ kò pọ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń wá nígbà ìdánwò. Àwọn ìyá àgbà kì í wá rárá. Ní ọjọ́ Jímọ̀, àti nígbà ooru, ìlú àtijọ́ ni wọ́n ń padà lọ, sínú ilé amọ̀ wọn, torí pé ibẹ̀ tutù. Àwọn ọkùnrin á jókòó nísàlẹ̀, ní àwọn ọ̀nà tó gba abẹ́ ilé kọjá, tí oòrùn kì í dé. Àwọn obìnrin á wà lókè. Bó ṣe wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn: ìsàlẹ̀ ni ti ọkùnrin, òrùlé ni ti obìnrin. Lórí òrùlé la ti ń dáná, ibẹ̀ la ti ń sá aṣọ, ibẹ̀ náà la sì máa ń gbà lọ kí ara wa láti ilé dé ilé kí a tó kó lọ, láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ wa kan ilẹ̀. Ọkùnrin kì í gun ibẹ̀. Kò sí òfin kankan tí ẹnikẹ́ni kọ. Wọn kì í gùn ún ni.

Ní ọdún yìí, obìnrin kan tí àwọn ọmọ ń pè ní Tísà Lámíà dé láti Tírípólì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya àwòrán ilé. Wọ́n ní kó tún ilé amọ̀ kan ṣe ní ìlú àtijọ́ kó lè di ẹ̀ka ilé ìkàwé. Ó ní òun kọ́ lòun máa yà á, pé àwọn ọ̀dọ́ ìlú ló máa yà á, torí pé àwọn ló máa pẹ́ lò ó jù. Ó kó wọn jọ, ọkùnrin àti obìnrin, ó sì pe àwa àgbà pé ká wá máa wò. Ṣùgbọ́n ó ṣe òfin kan.

Ó ní, "Tí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ níbí, kí àgbà panu mọ́. Ẹ̀yin ti ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín. Ẹ fún wọn láyè."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà.

Tíbrà ọmọ mi wà lára wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í ju "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" lọ. Ògiri ló máa ń kọjú sí tó bá fẹ́ sùn, bó sì ṣe máa wà nìyẹn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tísà fún un ní pẹ́ńsùlù àti bébà ńlá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà. Ó ń bá mi jà lórí ọbẹ̀, lórí fìtílà, lórí ariwo ìgbálẹ̀ mi. Inú mi dùn sí ìjà yẹn bí ẹni tí wọ́n dá ẹran rẹ̀ tó sọnù padà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ ìdí tí mi ò fi lè tètè la ẹnu mi kí n ní, "Má lọ."

Ọjọ́ tí wọ́n fi àwòrán han ìlú, páálí tíì àti amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ gbogbo àdúgbò náà sórí tábìlì. Kóró dàbínù ni wọ́n fi ṣe èèyàn. Tíbrà ló dìde tó sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ há, lẹ́yìn náà ó là.

Ó ní, "Àwọn ìyá wa kì í wá bá ìwé. Ẹ jẹ́ kí ìwé lọ bá wọn. Kò lè gba ìsàlẹ̀ torí pé wọn ò sí nísàlẹ̀. Ọ̀nà òrùlé ni kó gbà. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, àwa ọmọbìnrin máa gbé agbọ̀n láti orí ilé ìkàwé lọ sí orí ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lè kà, á kà. Ẹni tí kò bá lè kà, a máa jókòó tì í, a máa kà á fún un."

Ó mú kóró dàbínù kan, ó ń gbé e láti orí páálí kan sí orí páálí kejì.

Kásímù, ọmọkùnrin kan tí kì í lè panu mọ́, ní, "Àwa ọkùnrin ńkọ́? Ṣé ká máa jẹ eruku nísàlẹ̀ ni?"

Tíbrà ní, "Ẹ̀yin ẹ máa to ìwé. Ẹ máa di agbọ̀n. Ẹ ṣáà má gbójú sókè."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Hájà Nánà, tó dàgbà jù nínú gbogbo wa, fi ọwọ́ nu ojú.

Èmi ò pàtẹ́wọ́. Àwọn òrùlé páálí yẹn ni mò ń wò. Páálí tuntun ni wọ́n. Ilé wa kì í ṣe páálí tuntun. Ìtí igi dàbínù ló gbé àjà wa ró, amọ̀ ló wà lórí rẹ̀, òjò sì ti ń rọ̀ láwọn ọdún wọ̀nyí bí kì í ti í rọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú aṣálẹ̀. Ìyá kọ̀ọ̀kan ń gun òrùlé tirẹ̀, ó ń dáná, ó ń sọ̀kalẹ̀. Àmọ́ láti ilé kan sí ìkejì, ta ló ti rìn ín láti ìgbà tí a ti kó lọ? Mo la ẹnu. Tísà Lámíà rí mi. Ó fi ìka kan ètè rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi, tìfẹ́tìfẹ́. Mo pa ẹnu mi dé.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Bàbá Yúṣà. Bíríkìlà àgbà ni. Òun ni wọ́n ní kó yẹ àwọn ilé náà wò. Orí pèpéle amọ̀ tó wà ní gbàgede ló jókòó sí, ó ń mu tíì.

"Bàbá Yúṣà, ẹ kú ìjókòó."

"Ìyá Tíbrà, ṣé kò sí o? Ojú rẹ rí bí ojú ẹni tí ejò wọlé tọ̀."

"Àwọn òrùlé tí àwọn ọmọ fẹ́ máa gbà yẹn, Bàbá. Ṣé wọ́n le?"

"Mo wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Mo fi ọ̀pá gbá àjà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kó! Kó! Kó! Ó ń dún bí egungun ràkúnmí. Ó le."

"Òkè rẹ̀ ńkọ́?"

Ó gbé ife kúrò lẹ́nu. "Òkè wo?"

"Orí òrùlé gan-an."

"Ìwọ obìnrin yìí! Kí èmi Yúṣà gun òrùlé àwọn obìnrin? Kí wọ́n lè máa sọ ní mọ́sálásí pé orí mi ti dàrú lọ́jọ́ ogbó?"

"Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, Bàbá. Ẹ lè lọ ní ọjọ́ Ajé."

"Òrùlé ni òrùlé ń jẹ́. Ṣé ọjọ́ Ajé ni mo máa fi sọ ara mi di obìnrin? Ẹ̀yin lẹ ni òkè. Ẹ̀yin ni kí ẹ wò ó."

Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ sọ́dọ̀ Hájà Nánà. Ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ọkà bálì. Mo ní Bàbá Yúṣà ní àwa ni ká wo òkè.

"Àwa? Ojú wo ni ká fi wò ó? Ṣé ojú mi yìí tí kò rí òkúta nínú ọkà? Yúṣà ni bíríkìlà. Ó ti wò ó, ó tán."

"Ìsàlẹ̀ nìkan ló wò, Hájà."

"Nígbà tí mo wà lọ́mọge, orí òrùlé yẹn ni mo ń gbà bí ewúrẹ́, tèmi tìkòkò lórí. Kò mì rí."

"Ìgbà yẹn kọ́ nìyí, ìyá mi."

Ó wò mí, ó mi orí. "Mabrúkà. Lọ́jọ́ tí Ọlọ́run ń pín ẹ̀rù, ṣé ìwọ nìkan lo gbé igbá lọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Àmọ́ bí mo ṣe ń padà sílé, mo ń rò ó. Ẹni ìsàlẹ̀ ní ẹni òkè ló mọ̀. Ẹni òkè ní ẹni ìsàlẹ̀ ló mọ̀. Ẹnì kankan ò purọ́ nínú wọn. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Tí ẹnì kan bá purọ́, mo lè bá a jà.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, bí a ṣe ń jẹ búrẹ́dì, mo sọ fún Tíbrà pé, "Ẹ ò ṣe sún un síwájú díẹ̀?"

"Nítorí kí ni, Màámi?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀! Ẹ̀rù ń bà yín, ẹ ò sì mọ ohun tó ń bà yín. Mo ní mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, ẹ̀rù. Mo ní mo fẹ́ bá wọn lọ sí oko dàbínù, ẹ̀rù. Bàbá Yúṣà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Tísà ti fọwọ́ sí i. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ ká ọwọ́ bọ abíyá. Mo rí yín."

"Mo kàn ní…"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n padà sí bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni?"

Ó bi mí lóhùn jẹ́jẹ́. Mo bu búrẹ́dì sí i lọ́wọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Lẹ́yìn ìrun, àwọn ọkùnrin jókòó sí gbàgede nísàlẹ̀. Àwa obìnrin gun orí ilé ìkàwé tuntun náà. Oòrùn ń ta sí ẹfun funfun tí wọ́n fi kun àwọn igun òrùlé, kò sẹ́ni tó lè la ojú dáadáa. Àwọn ọmọbìnrin gbé agbọ̀n wọn. Kálukú mọ ilé tó ń lọ. Tíbrà ló ń lọ bá Hájà Nánà. Ilé méjì ló wà láàárín. A ń rí Hájà lọ́ọ̀ọ́kán, lórí òrùlé tirẹ̀, ó jókòó ti ìkòkò, ó tú irun rẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Ó juwọ́ sí wa.

Tíbrà ní, "Bísímílàhì." Ó gun ògiri kúkurú tó wà láàárín ilé kan sí èkejì.

Mo ní, "Rọra o."

"Mo ń rọra, Màámi."

Òrùlé àkọ́kọ́ kò ṣe nǹkan kan. Ó rìn ín já. Ó gun ògiri kejì. Ilé yẹn, àwọn tó ni ín ti kó lọ sí Tírípólì tipẹ́. Kò sẹ́ni tó dáná lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbá yanrìn kúrò níbẹ̀. Mo rí i tó ń lọ sí àárín rẹ̀, agbọ̀n lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún lórí ìbòrí rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́.

Mo wá gbọ́ ohùn kan. Kò pariwo. Bí ẹni ń fọ́ búrẹ́dì gbígbẹ sínú aṣọ ni.

Tíbrà dúró. Kò yí ojú padà. Ó kàn gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀, bí ọmọ tó fẹ́ béèrè nǹkan ní kíláàsì.

"Màámi."

"Dúró."

"Ó ń lọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."

"Dúró, má mì. Má mì, ọmọ mi."

Mi ò mọ bí mo ṣe kọjá òrùlé àkọ́kọ́. Mo kàn rí i pé mo ti wà létí ògiri kejì, tí mo di í mú, tí èékánná mi wọ inú amọ̀. Ọmọ mi wà níwájú mi, kò jìnnà. Ṣùgbọ́n bí mo tilẹ̀ na ọwọ́, kò lè tó o. Ilẹ̀ tó yí i ká ti là káàkiri bí òwú aláǹtakùn, yanrìn sì ń ṣàn wọ inú ibi tó là, díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ mi kọjá ògiri. Bí mo ṣe fi ara lé e, ohùn yẹn tún dún. Mo fa ẹsẹ̀ mi padà.

Mo ké sí ìsàlẹ̀. "Bàbá Yúṣà! Bàbá Yúṣà o!"

Kásímù ló kọ́kọ́ dáhùn. "Kí ló dé, Màmá?"

"Òrùlé! Tíbrà!"

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré wọ inú ilé náà lábẹ́ wa. Ohùn Kásímù wá láti inú ilẹ̀ tí ọmọ mi dúró lé. "Màmá! Mo ń rí ìmọ́lẹ̀ láàárín àjà!"

Ohùn Bàbá Yúṣà tẹ̀ lé e. "Jáde níbẹ̀, ọmọ aláìgbọràn! Ṣé o fẹ́ kó wó lé ẹ lórí ni? Kí ẹnikẹ́ni má wọlé!"

Mo mọ̀ pé ìdí àtẹ̀gùn ló dúró sí. Mo mọ̀ pé kò mọ ohun tó máa ṣe.

"Yà Sátírù!" Ohun tí àwọn ọkùnrin wa ń ké tí wọ́n bá fẹ́ wọlé onílé nìyẹn, kí obìnrin lè bo ara. "Yà Sátírù! Ṣé ẹ ti bo ara lókè yẹn?"

"Bàbá, ẹ gòkè wá!"

"Ṣé ẹ ti bo ara ni mo bi yín!"

"A ti bò ó! Ẹ jọ̀ọ́!"

Ó gòkè. Ó ti fa etí láwàní rẹ̀ bo ojú. Ó ń táràrà bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí afọ́jú. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Ó dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó dúró, ó sì kọ ojú sí ibòmíràn.

"Ìyá Tíbrà, sọ fún mi. Igi àjà yẹn, ibo ló dorí kọ?"

"Mi ò mọ̀."

"Wo ilẹ̀ náà. Ibo ló ti ga díẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá! Yanrìn ni mò ń rí! Mi ò mọ̀!"

Hájà Nánà ló dìde ní òdìkejì. Orí rẹ̀ funfun gbòò nínú oòrùn, kò wá ìbòrí kankan.

"Yúṣà! Ṣí ojú ẹ!"

"Hájà, orí yín wà níta…"

"Orí tó ti hu ewú kí wọ́n tó dá abẹ́ fún ẹ! Ṣí ojú ẹ, òpònú, kí ọmọ ọlọ́mọ má bàa kú síbẹ̀!"

Ó fa aṣọ náà wálẹ̀. Ó wò ó. Ojú rẹ̀ ni èmi ń wò, torí mi ò lè wo ọmọ mi mọ́. Ojú náà sì yí padà. Ó ń wo òrùlé yẹn bí ẹni tó ń wo òkú ẹni tí òun ti sọ fún gbogbo ìlú pé ara rẹ̀ le. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà mí dé ìsàlẹ̀ inú mi. Ẹ̀rù ti ń bà mí láti ọ̀sẹ̀ yẹn, àmọ́ ẹ̀rù ẹni tí kò mọ̀ ni. Ẹni tó mọ̀ ti wá wò ó báyìí.

Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Tíbrà. Má fò. Má sáré. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Kúnlẹ̀. Rọra. Ó dáa. Dọ̀bálẹ̀ báyìí, kí ikùn rẹ kan ilẹ̀. Na apá, na ẹsẹ̀, bí aláǹgbá tó ń yáàrùn."

"Agbọ̀n ńkọ́?"

"Fi agbọ̀n sílẹ̀!"

"Ìwé ilé ìkàwé ló wà níbẹ̀."

Mo pariwo, "Tíbrà!"

Ó fi í sílẹ̀.

"Etí ògiri ni igi ti le. Àárín ló ti jẹrà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ ni kó o fà sí, kó o máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Díẹ̀díẹ̀. Má gbé orí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ilẹ̀ ń dún lábẹ́ rẹ̀. Bàbá Yúṣà tú láwàní rẹ̀ kúrò lórí pátápátá. Láwàní wa gùn. Mi ò rí orí rẹ̀ rí, kò sì dájú pé obìnrin kan rí i rí yàtọ̀ sí ìyàwó rẹ̀. Orí náà pá, ó sì rí bí orí ọmọdé. Ó ju aṣọ náà. Kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fà á padà, ó tún un jù. Tíbrà mú un, ó wé e mọ́ ọrùn ọwọ́.

"Ìyá Tíbrà, di ìdí rẹ̀ mú pẹ̀lú mi. Má fà á títí màá fi ní kó o fà á."

Mo di í mú. Èmi àti ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ mi, lórí òrùlé, lójú gbogbo àwọn obìnrin, a jọ di aṣọ kan mú.

Àárín òrùlé náà wálẹ̀. Ó kàn wálẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀kan náà. Eruku bò wá.

Mi ò rí ọmọ mi. Mi ò rí ọwọ́ ara mi pàápàá. Aṣọ náà wúwo lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ̀ bóyá èèyàn ló fà á ni àbí igi. Mo ń fà á. Bàbá Yúṣà ń sọ nǹkan, mi ò gbọ́ ọ. Mo ń fà á. Ọwọ́ mi ń bó.

Mo wá gbọ́ tí ẹnì kan ń wúkọ́.

Ó wà lórí ògiri, ó fi àyà lé e, ẹsẹ̀ kan níbí, ẹsẹ̀ kejì ń fì lórí ihò náà. Awọ ojúgun rẹ̀ ti bó láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo gbá a mú, mo wọ́ ọ kọjá, àwa méjèèjì sì ṣubú sẹ́yìn sórí òrùlé àkọ́kọ́. Mi ò fi í sílẹ̀. Wọ́n ní mo bú u. Wọ́n ní mo bú u tìyá-tìyá, èmi tí mo jẹ́ ìyá rẹ̀. Mi ò rántí.

Nísàlẹ̀, Kásímù jókòó sílẹ̀ nínú eruku, ó ń sunkún gbangba. Bàbá Yúṣà wà lórí pèpéle, orí rẹ̀ lásán. Wọ́n mú láwàní rẹ̀ wá fún un, kò gbà á. Ó ń sọ ọ́ láìdúró pé, "Mo gbá a láti ìsàlẹ̀. Ó dún dáadáa. Mo gbá a, ó dún." Omi ti jẹ igi náà láti òkè. Ẹfun tuntun sì ti bo abẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pe ìpàdé. Kò sẹ́ni tó mú tíì wá. Tísà Lámíà dìde, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní òun máa sọ fún àwọn ará Tírípólì pé iṣẹ́ náà ti parí, pé òun ò lè fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Àwọn ọmọ tẹ orí ba.

Tíbrà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí a wé lé orí àpótí. Ó ní, "Ẹ má dá a dúró, Tísà. Àwòrán wa ló kù díẹ̀ káàtó. A ya ibi tí obìnrin máa gbà. A ò ya ọjọ́ tí ọkùnrin máa gùn ún."

Àwọn bàbá kan ní, "Àsìtàgìfìrúláì." Ẹnì kan ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ obìnrin ń sọ o." Ariwo bẹ̀rẹ̀.

Èmi náà dìde. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Tísà wò mí. Lọ́tẹ̀ yìí kò fi ìka kan ètè.

Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà mí." Wọ́n dákẹ́. Bóyá wọ́n rò pé màá jókòó lẹ́yìn ìyẹn. "Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni ìsàlẹ̀, ó ní kí n lọ béèrè lókè. Mo béèrè lókè, wọ́n ní ẹni ìsàlẹ̀ ti wò ó. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé wọ́n ti wò ó mọ́. Òrùlé kọ̀ọ̀kan tí ọmọ mi bá máa gbà, mo fẹ́ mọ ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Kí onítọ̀hún sọ orúkọ rẹ̀ níwájú mi. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò lọ. Ì báà ta kò mí títí ayé, kò lọ."

Tíbrà ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Kò bá mi jà.

Hájà Nánà kan ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ọjọ́ Sátidé. Gbogbo obìnrin á sọ̀kalẹ̀, gbogbo ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ á gòkè. Ẹni tí ojú bá ń tì, kó wá sọ fún mi."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ Sátidé, a kún ojú ọ̀nà abẹ́ ilé, àwa obìnrin, níbi tí a kì í dúró sí, àwọn ọkùnrin sì ń ti ara wọn ní ìdí àtẹ̀gùn. "Ìwọ ṣáájú." "Rárá, ìwọ ni." Kásímù ní, "Ẹ̀yin bàbá, òrùlé ni o, kì í ṣe kìnnìún." Níkẹyìn Bàbá Yúṣà gùn ún, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. A ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lókè orí wa, ẹsẹ̀ wíwúwo tí òrùlé yẹn ò gbọ́ rí. Hájà Nánà ń pariwo sókè pé, "Ẹ má fọwọ́ kan ìkòkò mi o!"

Iṣẹ́ náà pẹ́. Wọ́n yọ igi tó jẹrà, wọ́n gbé tuntun sí i. Lórí òrùlé kọ̀ọ̀kan tó bá tán, Bàbá Yúṣà á fi ẹsẹ̀ méjèèjì fò lórí rẹ̀, á sì pe ìsàlẹ̀. "Ìyá Tíbrà! Èmi Yúṣà ọmọ Ánárù, mo ti tẹ̀ ẹ́!"

Mo rò pé tí mo bá ti gbọ́ orúkọ, ẹ̀rù náà á lọ. Kò lọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, Tíbrà dúró létí ògiri, agbọ̀n lọ́wọ́, kò gùn ún. Àwọn yòókù ti lọ. Ó ń dúró de ẹnu mi.

"Màámi?"

Gbogbo ara mi ní kí n sọ pé rárá. Mo wo ojúgun rẹ̀, àpá náà ṣì pupa. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ká ìdí aṣọ mi sókè, mo gun ògiri náà ṣáájú rẹ̀.

"Ibi tí mo bá tẹ̀ ni kó o tẹ̀," ni mo wí. "Mo sanra jù ẹ́ lọ."

"Ṣé bí ẹ ṣe máa máa ṣe ní gbogbo Jímọ̀ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo gbé ẹsẹ̀. Mo dúró. Mo tẹ́tí. Amọ̀ tuntun náà ò sọ nǹkan kan. Ọkàn mi ló ń dún, mo sì ń dúró kó dákẹ́ kí n lè gbọ́ ti ilẹ̀.

Tíbrà wà lẹ́yìn mi, agbọ̀n ń kan ìdí mi. "Màámi, ẹ yára. Hájà máa sùn lọ."

"Kó sùn. Tó bá jí, a máa kà á fún un."

Mo gbé ẹsẹ̀ kejì.